Madaye, Israel

Madaye, Israel: tafàtafà ọmọ orílẹ̀-èdè Ṣáàdì, alámùúlégbè Nàìjíríà. Ọrun tí ṣóńṣó rẹ̀ méjèèjì tẹ̀ síwájú ló ń ta, irú èyí tí wọ́n ń lò ní Òlíńpíìkì. Mítà 70 ni àmì fi jìnnà sí ẹni tó ń tafà. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ ara rẹ̀ níṣẹ́.

Ní ọjọ́ 30 oṣù Keje, 2024, níbi ìdíje Òlíńpíìkì ní Párísì, Kim Woo-jin ti Gúúsù Kòríà fi 6–0 borí rẹ̀ ní ìpele àkọ́kọ́. Ọfà Madaye kan gba máàkì 1 péré, síbẹ̀ ó tafà dópin, ayé sì kan sáárá sí i. Kim ló padà gba wúrà. Fún ọ̀dọ́ Kàbà àti gbogbo ilẹ̀ Òkun ní Ìpínlẹ̀ Kogi, Nàìjíríà, àwòkọ́ṣe gidi ni Madaye.