Ilé Ọkọ, Ilé Ẹ̀kọ́: Ta Ni Olùkọ́?

Ilé ọkọ, ilé ẹ̀kọ́. Ọjọ́ ìgbéyàwó la sábà máa ń gbọ́ òwe yìí, lẹ́nu àwọn ìyá tó ń sin ìyàwó jáde. Bẹ́ẹ̀ ni òwe náà kò sọ tẹnu rẹ̀ tán. Ó ní ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀. Kò dárúkọ olùkọ́, kò sọ iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́, kò sì dá ọjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ máa jáde. Àwa la fi ìfaradà dí àlàfo náà. Ọkọ na ìyàwó, a ní ẹ̀kọ́ ni. Ìyá ọkọ bú u, a ní ẹ̀kọ́ ni. Òwe ìtọ́ni wá di èyí tí a fi ń pa obìnrin lẹ́nu mọ́.

Fíìmù Funmilayo Ransome-Kuti, tí Bolanle Austen-Peters darí, tó sì dé sinimá ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, ló mú mi tún òwe yìí yẹ̀ wò. Tunde Babalola ló kọ fíìmù náà. Kehinde Bankole ṣe Ransome-Kuti nígbà tí ara ṣì ta kébé, Joke Silva ṣe é nígbà àgbà. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ nípa ìyá yìí kò ju pé òun ló bí Fẹlá olórin, wọ́n sì ní òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó wa ọkọ̀ ní Nàìjíríà. Ìtàn ńlá gbáà la há mọ́nú mọ́tò kan ṣoṣo!

Abẹ́òkúta ni wọ́n bí i sí ní 1900. Ní 1914 ó wọ Abeokuta Grammar School, ó kàwé nílùú Ọba láti 1919 sí 1922, ó sì fẹ́ Rẹ́fúrẹ́ndì Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kuti ní 1925. Ọkọ rẹ̀ di ọ̀gá Abeokuta Grammar School ní 1932. Ẹ ò rí i pé ní ti ìyá yìí, ilé ọkọ jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ lóòótọ́.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọkọ ló kọ́ ọ ní ohun tó sọ ọ́ di ẹni ara rẹ̀. Ẹgbẹ́ tó dá sílẹ̀ ní 1932, ẹgbẹ́ àwọn ìyáàfin alákọ̀wé ni. Nígbà tó di àárín ọdún 1940 sí 1945, obìnrin ọlọ́jà kan wá, ó ní òun fẹ́ mọ̀wé kà. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e. Bí wọ́n ti ń kọ́ a, b, d, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ròyìn ọjà: ìrẹsì tí ìjọba gbà lọ́wọ́ wọn láìsanwó, owó orí tí ọmọbìnrin ń san láti ọmọ ọdún 15 nígbà tí ọmọkùnrin ń dúró dé 16, àti ìgbìmọ̀ ìlú tí kò sí obìnrin kan ṣoṣo níbẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ fẹ̀sùn kàn pé àwọn agbowó orí ń tú aṣọ lára ọmọbìnrin láti mọ̀ bóyá ó ti tó owó san. Olùkọ́ di akẹ́kọ̀ọ́. Ó bọ́ gáùnù sílẹ̀, ó ró ìró, ó wọ bùbá. Bí òyìnbó ìjọba bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, Yorùbá ló ń sọ, kí òyìnbó lọ wá ògbufọ̀. Ní 1946 wọ́n sọ ẹgbẹ́ náà di Abeokuta Women's Union. Ní òpin 1947, ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin yí ààfin Aláké, ọba ìlú náà, ká nítorí owó orí yìí, wọ́n ń kọrin èébú. Ní oṣù Kìíní 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì fi ìtẹ́ sílẹ̀. Ó padà ní òpin 1950, àmọ́ ìlú ti rí ohun tí obìnrin lè ṣe.

Nínú ọ̀pọ̀ fíìmù wa, obìnrin kì í rí òmìnira títí yóò fi kó ẹrù rẹ̀ jáde nílé ọkọ tí ọkọ burúkú náà yóò sì rí ẹ̀san. Ti èyí yàtọ̀, òun ni mo sì gbà pé ó jinlẹ̀ jù: obìnrin yìí kò kó ẹrù jáde, ọkọ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá rẹ̀. Ohun tó kọ̀ ni pé kí obìnrin máa san owó níbi tí kò ti lẹ́nu ọ̀rọ̀.

Kò yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ l'Ékòó, níbi tí ìkànìyàn 2006 ti ka 1,277,714 èèyàn. Ìyá tó ń ta ata ní Ìkòtún tàbí Ìgàndò mọ owó ọjà. Àfàìmọ̀ kí wọ́n má já tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fún un kó tó ta ọjà àárọ̀. Òun náà ló ń dá àjọ, tó ń wá owó ilé ìwé ọmọ. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló lọ bá Ransome-Kuti ní Abẹ́òkúta. Ṣùgbọ́n nígbà tí fíìmù yìí wà ní sinimá, ta ni ìbá ti Ẹ̀gbẹ́dá wọ sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ lọ sí sinimá Ìkẹjà lẹ́yìn tó pàtẹ títí ilẹ̀ fi ṣú?

Hubert Ogunde, àgbà òṣèré Yorùbá, kò dúró de èrò nígbà ayé rẹ̀. Ó gbé fíìmù rẹ̀ kiri ìlú. Nítorí náà mo bẹ ẹ̀yin alága káńsù Ìkòtún/Ìgàndò àti Ẹ̀gbẹ́/Ìdìmù: ẹ bá àwọn tó ni fíìmù yìí sọ̀rọ̀, ẹ wá aṣọ funfun àti jẹnẹrétọ̀, kí ẹ fi hàn àwọn ìyá wa lọ́jà lálẹ́ ọjọ́ kan. Níbi tí Gẹ̀ẹ́sì bá ti pọ̀, kí ẹnì kan ṣe ògbufọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì já tíkẹ́ẹ̀tì fún wọn lálẹ́ ọjọ́ yẹn.