Láti Orí Wàláà dé Orí Tábúlẹ́ẹ̀tì: Kíbọ́ọ̀dù àti Ìkọsílẹ̀ Èdè Yorùbá

Àríyànjiyàn kan wà láàárín àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́: ǹjẹ́ tábúlẹ́ẹ̀tì tí a so kíbọ́ọ̀dù mọ́ tó ohun tí à ń pè ní kọ̀ǹpútà? Àwọn kan ní ó tó. Àwọn mìíràn ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Ní tèmi, mo gbà pé kọ̀ǹpútà ni. Òun ni mo fi kọ ọ̀rọ̀ tí mo ń sọ yìí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè mìíràn ló jẹ àwa tí a ń kọ Yorùbá lógún: kíbọ́ọ̀dù náà, èdè ta ni ó mọ̀ ọ́n kọ? Kí a tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí a bojú wẹ̀yìn.

Ohun pẹlẹbẹ tí a ń kọ̀wé lé kì í ṣe àjèjì sí wa. Ní ilé-kéú, orí wàláà onígi ni ọmọ ti ń fi tàdáwà kọ ẹsẹ Kùránì. Bí ó bá ti há a sórí, a fọ̀ ọ́ nù, a kọ òmíràn. Nígbà tí àwọn ìjọ onígbàgbọ́ dá ilé-ìwé sílẹ̀, síléètì ni ọmọ gbé lọ. Irinṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni méjèèjì. Ohun tí a kọ sórí wọn kì í pẹ́. Àmọ́ kò sí èdè tí ọwọ́ ọmọ kò lè kọ sí i.

Ẹ̀rọ táìpù ni ti akọ̀wé. Ní 1868 ni Christopher Latham Sholes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba ìwé-àṣẹ lórí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní 1873, ilé-iṣẹ́ Remington, tí ń rọ ìbọn, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Lẹ́tà èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n tò sí i, ètò náà ló sì wà lórí kíbọ́ọ̀dù wa títí dòní. Ní 1875, ìpàdé kan wáyé ní Èkó lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá sílẹ̀. Ẹ, ọ àti ṣ, tí wọ́n ní àmì lábẹ́, pẹ̀lú àmì ohùn lórí, ni ogún tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún wa. Báyìí ni ẹ̀rọ àti èdè ṣe gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nígbà tí mo ń kọ ìwé fún oyè ọ̀mọ̀wé, akọ̀wé a táìpù tán, èmi a mú bírò, n ó máa fi àmì sí i ní ojú ìwé kọ̀ọ̀kan.

Ní 1972, Alan Kay, tó ń ṣiṣẹ́ ní ibùdó ìwádìí Xerox ní Palo Alto, ìpínlẹ̀ California, kọ àpilẹ̀kọ kan nípa ẹ̀rọ tí ó pè ní Dynabook: ohun tí kò ní ju ìwé lọ ní títóbi, tí ọmọdé àti àgbà yóò fi máa kàwé, tí wọn yóò sì fi máa kọ̀wé. Ó sọ níbẹ̀ pé bí gíláàsì bá gba gbogbo ojú ẹ̀rọ náà, irú àtẹ lẹ́tà tó bá wu ẹni ni a lè mú jáde lórí rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn.

Apple gbé iPad jáde ní 2010, wọ́n sì ta kíbọ́ọ̀dù tí a lè gbé e lé ní ọdún kan náà. Surface ti Microsoft tẹ̀lé e ní 2012, kíbọ́ọ̀dù sì ni ìdérí rẹ̀. iPad Pro ní tirẹ̀ ní 2015.

Ibí ni ọ̀rọ̀ wà. Lórí gíláàsì, àsọtẹ́lẹ̀ Kay ṣẹ: Gboard ti Google, fún àpẹẹrẹ, ní àtẹ lẹ́tà Yorùbá. Ṣùgbọ́n bí a bá ti so kíbọ́ọ̀dù mọ́ ọn kí ó lè di kọ̀ǹpútà, lẹ́tà Sholes ni a tún bá pàdé. Lóòótọ́, a lè ṣètò ẹ̀rọ kí bọ́tìnnì máa kọ Yorùbá. Síbẹ̀, ohun tí a kọ sójú bọ́tìnnì kò yí padà, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì mọ̀ pé irú ètò bẹ́ẹ̀ wà. Ohun tí a fi kún un láti sọ ọ́ di àgbà ni ó gba ohùn lẹ́nu rẹ̀.

Kí ni ó bà jẹ́? Akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ àròkọ fún mi lórí oríkì, kò fi àmì kankan sí i. Ó kọ ọ́ pé ẹni tí a ń kì “ni owo”. Ṣé owó ni, tàbí ọ̀wọ̀? Ṣé ọwọ́ ni, tàbí òwò? Gbogbo àlàyé rẹ̀ dúró lórí ọ̀rọ̀ kan yìí, èmi tí mo kà á kò sì lè dá a láre tàbí kí n dá a lẹ́bi.

Ìmọ̀ràn mi kò pọ̀. Kí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ èdè má ṣe gba iṣẹ́ Yorùbá tí kò ní àmì, kí a sì kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bí a ti ń ṣètò ẹ̀rọ rẹ̀ kí a tó béèrè iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ ra kíbọ́ọ̀dù, kí ó kọ́kọ́ fi tẹ orúkọ ara rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo àmì kí ó tó sanwó. Orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni; ẹ̀rọ tí kò bá lè kọ ọ́ pé kò tíì di tiwa, bí ó ti wù kí ó jọ kọ̀ǹpútà tó.