Àmíjù àti Adúrótini: Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Ọdẹ Abẹ́ Omi

Àwọn kan wà, ní erékùṣù Hawaii, ní Florida àti ní etíkun Gúúsù Áfíríkà, tí wọ́n ń mòòkùn pẹ̀lú ọ̀kọ̀ lọ́wọ́ láti gún ẹja, láìgbé àgbá afẹ́fẹ́ kọ́ ẹ̀yìn, àfi èyí tí wọ́n mí sínú nìkan. Bí ọ̀kan nínú wọn bá dákú tí kò jí mọ́, àwa Yorùbá yóò wí pé ó bómi lọ. Ṣùgbọ́n Olókun kò jẹ̀bi ọ̀rọ̀ yìí, nítorí òye ti fi ọdẹ náà sílẹ̀ kí omi tó ráyè wọ̀ ọ́ lẹ́nu.

Ohun tí ń mú àyà ẹni há, tí ń fipá múni mí, kì í ṣe àìtó ọ́síjìn ní pàtàkì, bí kò ṣe afẹ́fẹ́ àmísóde, kábọ́nì dáyọ́sáìdì, tí ó ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí ó bá ń mí hẹlẹhẹlẹ kí ó tó wọ omi, ọ́síjìn rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ lé sí i. Kábọ́nì dáyọ́sáìdì, alóre tí ìbá ta á lólobó, ni ó lé kúrò lórí odi, tí ara fi ń tù ú títí ojú rẹ̀ fi ṣú. Albert Craig, oníṣègùn ará Amẹ́ríkà, ti kọ̀wé lórí èyí ní 1961. Bí a bá wá túmọ̀ irú mímí bẹ́ẹ̀ sí “mímí dáadáa”, a ti ṣìkà. Àmíjù ni kí a pè é, kí ó jókòó ti àjẹjù àti àmujù, kí ọmọdé pàápàá gbọ́ ọ kí ó mọ̀ pé àbùkù ni; àṣejù, baba àṣetẹ́, ti la ọ̀nà sílẹ̀ fún un.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì a máa pe dídákú náà ní ti omi tí kò jìn, orúkọ tí ó lè ṣi ọ̀gbẹ̀rì lọ́nà. Ní mítà 10, omi àti afẹ́fẹ́ ń tẹ ara ní ìlọ́po méjì bí ó ti rí lókè, ìtẹ̀ yìí ni ó sì ń ti ọ́síjìn wọnú ẹ̀jẹ̀. Bí ọdẹ ti ń gòkè, ìtẹ̀ ń dín, agbára ọ́síjìn tó kù ń já, ó sì lè dákú nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó yọrí, tàbí lẹ́yìn tí ó yọrí tán. Dídákú ìgòkè ni èmi yóò pè é.

Gbígbọ̀n tí ó máa ń ṣáájú dídákú, àwọn kan sọ ọ́ ní sámbà, nítorí ijó àwọn ará Brazil. Ẹ má jẹ́ kí a yá ìyẹn lò: ìlù ni sámbà létí tiwa, ta ni yóò sì gbọ́ ìlù tí yóò sáré lọ gbani là? Ó ń gbọ̀n rìrì; ìyẹn tó.

Ní ti ẹnìkejì ọdẹ, “ọ̀rẹ́” kò tó, “alábàárìn” sì burú, nítorí bí àwọn méjèèjì bá jọ mòòkùn lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí ẹni tí ń ṣọ́ ẹnì kan. Adúrótini ni mo yàn, oríkì tí a fi ń ki Ẹlẹ́dàá, kí ẹni tí a bá fi í pè lè mọ bí ẹrù rẹ̀ ti wúwo tó: “Ìwọ lọ, èmi dúró” ni àdéhùn wọn. Nígbà tí ọdẹ bá yọrí, Adúrótini kò gbọdọ̀ gbójú kúrò lára rẹ̀ títí ìṣẹ́jú àáyá 30 yóò fi kọjá. Bí ọdẹ bá dákú, kí Adúrótini tú ìgbànú òjé rẹ̀ dànù, kí ó gbé ẹnu àti imú rẹ̀ sókè omi, kí ó ṣí awò ojú rẹ̀, kí ó fẹ́ atẹ́gùn sí i lójú, kí ó gbá a lẹ́rẹ̀kẹ́, kí ó sì pè é lórúkọ. Níhìn-ín a kò nílò ọ̀rọ̀ tuntun, torí pípe orúkọ ẹni tó dákú ti wà nílé wa tipẹ́. Bí kò bá tíì mí, kí ó fi ẹnu fún un ní èémí. Bí ó bá sì jí, kí wọ́n gbé e gúnlẹ̀, nítorí kò sí ọdẹ fún un mọ́ lọ́jọ́ náà, bí ẹja tilẹ̀ ń fò lójú omi.