Ampilifáyà gìtá

Ampilifáyà gìtá jẹ́ ẹ̀rọ tí ó ń gba ìró kékeré láti ara gìtá oníná, tí ó sì ń sọ ọ́ di ìró ńlá tí èrò púpọ̀ lè gbọ́. Yàtọ̀ sí pé ó ń mú ìró lọ sókè, ó tún ń yí bí ìró náà ṣe rí padà. Gìtá kan náà, ní ọwọ́ olórin kan náà, lè dún lọ́nà méjì bí a bá so ó mọ́ ampilifáyà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nítorí náà ni àwọn olórin ṣe máa ń fi ìró wọn wéra kí wọ́n tó ra ọ̀kan.

Ìtàn nínú orin Yorùbá

Ẹgbẹ́ jùjú ti àwọn ọdún 1930 ní Èkó kéré. Ènìyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni ó sábà máa ń wà nínú rẹ̀, nítorí bánjò tàbí gìtá tí kò lo iná kò lè bá ìlù púpọ̀ figẹ̀ wọngẹ̀. Àyìndé Bákàrè ni a mọ̀ gẹ́gẹ́ bí olórin jùjú àkọ́kọ́ tí ó so gìtá mọ́ ẹ̀rọ, ní ọdún 1949. Láti ìgbà náà ni àyè ti gba dùndún àti àwọn ìlù mìíràn láti pọ̀ sí i láìbo gìtá mọ́lẹ̀. Nígbà tí King Sunny Adé gbé àwo orin Juju Music jáde ní 1982, gìtá oríṣiríṣi ni ó ń dáhùn ara wọn nínú ẹgbẹ́ rẹ̀, tí ó fi mọ́ gìtá onírin tí Demola Adepoju ń ta.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Ipá mẹ́ta ni ó ní. Ipá àkọ́kọ́ ń gba ìró láti ara mágínẹ́ẹ̀tì tí ó wà lábẹ́ okùn gìtá, ibẹ̀ ni àwọn bọ́tìnì tí a fi ń tún ìró òkè àti ìró ìsàlẹ̀ ṣe wà. Ipá kejì ń fún un ní agbára. Ipá kẹta ni sípíkà. Fáàfù onígò ni àwọn kan ń lò, tíránsísítọ̀ sì ni àwọn mìíràn ń lò. Bí a bá ti onífáàfù kọjá agbára rẹ̀, ìró rẹ̀ a máa há díẹ̀díẹ̀. Ti onítíránsísítọ̀ sábà máa ń mọ́ gaara títí, kí ó tó há lójijì.

Àwọn tí a mọ̀ jù lọ

Fender Twin Reverb (Amẹ́ríkà, 1963): onífáàfù ni. Ìró rẹ̀ mọ́, ìró òkè rẹ̀ ń tàn, ó sì ní gbohùngbohùn tí sípíríǹgì inú rẹ̀ ń ṣe.

Vox AC30 (Ìlú Ọba, 1959): onífáàfù oníwáàtì 30. Ó ń dún bí agogo, ó sì ń há díẹ̀ bí a bá gbé e sókè.

Marshall JTM45 (Lọ́ńdọ̀nù, 1962): àpẹẹrẹ Fender Bassman ni wọ́n tẹ̀ lé láti ṣe é, ṣùgbọ́n ìró rẹ̀ nípọn, ó sì máa ń há. Àwọn olórin rọ́ọ̀kì fẹ́ràn rẹ̀.

Roland JC-120 (Japan, 1975): onítíránsísítọ̀. Sípíkà ínṣì 12 méjì ni ó ní, wáàtì 60 sì ni ti ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó lè mú kí gìtá kan dún bí ẹni pé méjì ni.

Orin jùjú àti háíláìfù, níbi tí gìtá mẹ́ta ti lè máa sọ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nílò ìró tí ó mọ́. Bí gbogbo wọn bá há, wọn a dà pọ̀ mọ́ ara wọn, etí kò sì ní lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Bí a ṣe ń fi ìró wéra

Gìtá kan náà, wáyà kan náà àti orin kan náà ni a gbọ́dọ̀ lò fún gbogbo ẹ̀rọ tí a ń yẹ̀ wò. Kí a kọ́kọ́ fi gbogbo bọ́tìnì ìró sí àárín. Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù ni kí ariwo wọn dọ́gba, nítorí etí a máa ka èyí tí ó ròkè sí èyí tí ó dára. Iye wáàtì náà lè ṣini lọ́nà: wáàtì 100 fi dẹ́síbẹ̀lì 3 péré ju wáàtì 50 lọ. Fletcher àti Munson fi hàn ní 1933 pé etí kì í gbọ́ ìró ìsàlẹ̀ dáadáa bí ariwo bá kéré. Nítorí náà, ẹ̀rọ tí a ó lò ní òde àríyá kò yẹ kí a fi ìró jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ nìkan dán wò. Lẹ́yìn náà, kí a dákẹ́, kí a fetí sí ariwo hùn-ún tí ẹ̀rọ ń pa nígbà tí ẹnikẹ́ni kò ta gìtá. Ariwo jẹnẹrétọ̀ ìtajà lè bo èyí mọ́lẹ̀.

Ẹrù tòkunbọ̀ àti iná

Èbúté Tin Can Island, tí ó wà ní Àpápá, ni ìjọba ṣí ní 1977 lẹ́yìn tí ọkọ̀ òkun tí ó kó sìmẹ́ǹtì ti dí èbúté Àpápá ní 1975. Ó jẹ́ ọ̀kan lára ẹnu ọ̀nà ńlá tí ẹrù tòkunbọ̀ ń gbà wọ Nàìjíríà. Irú ẹrù bẹ́ẹ̀ máa ń gbé iná ìlú tí ó ti wá lọ́wọ́. Fóòtì 230 ni ti Nàìjíríà, 120 ni ti Amẹ́ríkà, 100 sì ni ti Japan. Ampilifáyà tí a ṣe fún fóòtì 120 yóò jóná bí a bá kì í bọ iná wa tààrà. Tíránsífọ́mà tí ń dín iná kù ni ó nílò. Nọ́ńbà fóòtì rẹ̀ sábà máa ń wà ní ẹ̀yìn àpótí, ibẹ̀ ni ó sì yẹ kí a kọ́kọ́ wò kí a tó tan ẹ̀rọ.

Bí iná bá rẹlẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ìró onífáàfù náà a rẹ̀ sílẹ̀, a sì tètè há. Ẹni tí ó dán an wò lórí irú iná bẹ́ẹ̀ kò tíì gbọ́ ohùn rẹ̀ gan-an. Àwọn tí ó ti pẹ́ lè ní wáyà ẹlẹ́nu méjì tí kò ní wáyà ilẹ̀. Èyí lè mú kí iná gbé olórin tí ó bá di gìtá mú tí ẹnu rẹ̀ sì kan máíkì. Inú onífáàfù lè ní iná tí ó ju fóòtì 400 lọ, tí ó sì lè wà níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí a ti yọ ọ́ kúrò lára iná. Onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan ni ó yẹ kí ó tú u.