Ilé Ìyá ní Kúdẹtì

Ní Ilé-Ifẹ̀, bí Sunday ìkórè bá dé, ìsìn kì í parí sínú ilé ìjọsìn. Àlùfáà kò ní tíì súre tán tí Ẹgbẹ́ Ìyá Ìjọ á ti gbé kúlà sábẹ́ ìbòòrùn, tí wọ́n á máa bu ìrẹsì àti mọ́ínmọ́ín sínú abọ́, tí bàbá kan á sì máa béèrè kíkankíkan pé ẹran òun dà. Nídìí gbàǹjo, iṣu mẹ́ta lásán á gbówó lórí ju àpò ìrẹsì lọ, nítorí pé àna méjì ló ń du ú, kò sì sí èyí tó fẹ́ kí ìyàwó rí òun pé òun dákẹ́. Gbogbo rẹ̀, ẹ̀rín ni. Àwọn kan máa ń sọ pé ariwo yẹn ti pọ̀ jù fún ilé Ọlọ́run. Èmi kò sí lára wọn. Bí a bá ka ìtàn bí ìjọ ṣe dé ilẹ̀ wa dáadáa, a ó rí i pé ìdí ìkòkò ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ìwé ìtàn máa ń ka Badagry sí àkọ́kọ́, níbi tí Henry Townsend, Samuel Àjàyí Crowther àti C. A. Gollmer gúnlẹ̀ sí ní January 1845, lẹ́yìn náà ni Abẹ́òkúta ní 1846. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ilé kan wà ní Kúdẹtì, nílùú Ìbàdàn, tí mo rò pé ó yẹ kí a máa dárúkọ rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí a bá ń ṣe àjọ̀dún ìjọ ní Ifẹ̀ níbí. Jámánì ni ẹni tó kọ́ ọ ti wá, inú ìjọ Luther sì ni wọ́n ti tọ́ ọ.

David Hinderer ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Württemberg, ní gúúsù Jámánì. Níbẹ̀, ìjọ Luther ni ìjọ baba ńlá wọn. Luther fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹni tó ń fi ìsìn mọ sórí àga ìwàásù. Láti ìgbà tó ti gbé Katharina von Bora níyàwó ní 1525, ilé wọn ní Wittenberg kò gbófo mọ́: akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé níbẹ̀, ọmọ ẹbí tí òbí wọn ti kú ń gbé níbẹ̀, àlejò ń wọlé, àlejò ń jáde. Katharina ló ń pọn bíà, òun ló ń sin ẹran, òun ló ń wá bí gbogbo ẹnu yẹn ṣe máa jẹun. Nídìí tábìlì yẹn ni àwọn ọmọ ilé ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sílẹ̀ tí ayé ṣì ń kà títí dòní. Nígbà tó yá, àwọn ará Württemberg sọ ọ́ di àṣà láti máa pàdé nílé ara wọn, kí wọ́n ka Bíbélì, kí wọ́n kọrin. Láàárín irú wọn ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ míṣọ́nnárì ní Basel. Ẹgbẹ́ míṣọ́ọ̀nù CMS tó wà ní London kò rí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó pọ̀ tó láti rán, ni wọ́n bá ń gba àwọn ará Jámánì: Gollmer ní Badagry, Adolphus Mann ní Ìjàyè, Gottlieb Bühler ní ilé ẹ̀kọ́ Abẹ́òkúta, àti Hinderer. Wọ́n fi wọ́n joyè àlùfáà lọ́nà ti Áńgílíkà, orúkọ Luther sì parẹ́ lára iṣẹ́ wọn. Ìwà ilé tí wọ́n bá dàgbà kò parẹ́.

Ní 1851 ni Hinderer kọ́kọ́ dé Ìbàdàn. Ó padà sí Ìlú Òyìnbó, ó fẹ́ Anna Martin ní 1852, àwọn méjèèjì sì wọ Ìbàdàn ní 1853, nígbà tí Olúgbóde wà lórí oyè Baálẹ̀. Ìlú ológun ni Ìbàdàn nígbà náà, ogun ni iṣẹ́, ogun ni oúnjẹ. Ìjòyè kan tó ń jẹ́ Olúnlọ́yọ̀ó fa ọmọ méjì lé Anna lọ́wọ́, Akinyẹlé àti Yéjídé, ọkùnrin kan, obìnrin kan. Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ jókòó kàwé ní Ìbàdàn. Àwọn ọmọ mìíràn dé tẹ̀lé wọn, títí kan àwọn tí ogun ti yà kúrò lọ́dọ̀ ìyá wọn. Anna kò bímọ, ṣùgbọ́n “Ìyá” ni gbogbo wọn ń pè é. Ó ń wẹ̀ wọ́n, ó ń ránṣọ fún wọn, ó ń kọ́ wọn ní ìwé, orin àti abẹ́rẹ́. Nígbà tí wọ́n kó lẹ́tà rẹ̀ jọ tẹ̀ jáde ní 1872, lẹ́yìn ikú rẹ̀, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wọ̀nyí ló gba inú ìwé náà kan.

Ọkọ ń wàásù, ó ń túmọ̀ ìwé. Òun ló túmọ̀ ìwé John Bunyan sí Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́, tó jáde ní 1866. N kò fojú kéré iṣẹ́ yẹn. Àmọ́ ta ni Daniel Olúbi? Ọmọ Abẹ́òkúta tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ fún Ọbàtálá ni, kí ó tó di onígbàgbọ́. Ọmọ ọ̀dọ̀ ló bá dé ilé Hinderer. Láti ibi iṣẹ́ ilé ló ti di tíṣà, tó di ẹni tí gbogbo iṣẹ́ ìjọ Ìbàdàn wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí àwọn òyìnbó lọ ní 1869, tó sì wá di àlùfáà lẹ́yìn náà.

Ìgbà Ogun Ìjàyè ni wọ́n mọ̀ bóyá ìjọ ni wọ́n jẹ́ lóòótọ́. Láti 1860, ọ̀nà Abẹ́òkúta dí, ọ̀nà Èkó dí, owó kò wọlé, ẹrù kò wọlé. Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í ta ohun inú ilé, aṣọ, ìkòkò, títí dórí agolo òfìfo. Ẹ̀wà tí wọ́n fi epo pupa sè ni oúnjẹ wọn lọ́pọ̀ ọjọ́. Àìsàn kò sì jìnnà sí wọn. Síbẹ̀ wọn kò tú àwọn ọmọ ká, ilé ẹ̀kọ́ kò sì palẹ̀ mọ́. Àwọn ará àdúgbò tí kò tíì gbàgbọ́ pàápàá ràn wọ́n lọ́wọ́. Ní 1865 ni Glover, tó ń ṣàkóso Èkó, rán ọ̀gágun kan tó ń jẹ́ Maxwell gba ọ̀nà Ìjẹ̀bú wá gbé Anna, tí ara rẹ̀ kò yá mọ́. Ó padà wá lẹ́yìn náà kí ó tó fi Ìbàdàn sílẹ̀ pátápátá. Ní June 1870 ló kú.

Kí a má purọ́, ilẹ̀kùn ilé yẹn kò ṣí fún gbogbo èèyàn. Òfin tí Henry Venn, akọ̀wé CMS ní London, gbé kalẹ̀ ní 1857 ni pé kí wọ́n má ṣe ìrìbọmi fún ọkùnrin tó ní ju aya kan lọ, àmọ́ wọ́n lè ṣe é fún àwọn aya rẹ̀. Bí ìyàwó mẹ́ta bá wà nílé kan, àwọn mẹ́ta lè di ọmọ ìjọ, kí baálé máa ti òde wò wọ́n. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dun ọ̀pọ̀ ìdílé títí di ìgbà tí ìjọ Aládùúrà dìde.

Kúdẹtì yẹn kan àwa ará Ifẹ̀ gbọ̀ngbọ̀n. Samuel Johnson, tó kọ ìtàn Yorùbá tí gbogbo wa ń tọ́ka sí, ọmọdé ni nígbà tí bàbá rẹ̀ kó wọn láti Sierra Leone wá bá Hinderer ṣiṣẹ́. Nígbà tí ogun Kírìjì ń jà, tí Ifẹ̀ wà lẹ́yìn Èkìtìparapọ̀, tí Modákẹ́kẹ́ wà lẹ́yìn Ìbàdàn, òun àti Charles Phillips ti Oǹdó ni wọ́n ń ti àgọ́ kan bọ́ sí èkejì lọ́dún 1886, tí wọ́n fi tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà ní 23 September. Ọ̀rọ̀ Modákẹ́kẹ́ wà nínú ìwé náà, kò sì tán síbẹ̀. Ìjà tó bẹ́ sílẹ̀ láàárín 1997 sí 2000 ṣì wà lára wa. Lónìí, St. Philip's wà ní Ayétòrò nílùú Ifẹ̀, St. Stephen's wà ní Modákẹ́kẹ́, ìwé orin kan náà sì ni wọ́n ń ṣí.

Orúkọ Luther gba ibòmíràn wọ Nàìjíríà. Dókítà Niels Brønnum láti Denmark gbé e dé Numan, ní Adamawa, ní 1913. Àwọn ará Ibesikpo, ní ibi tó ń jẹ́ Akwa Ibom báyìí, rán Jonathan Udo Ekong lọ sí Amẹ́ríkà ní 1928, ó sì wá ìjọ Luther rí níbẹ̀. Ní 1936 ni míṣọ́ọ̀nù wọn dé. Láti ìgbà tí yunifásítì ti ṣí wá sí Ifẹ̀ ní 1967, kò ṣòro kí ọmọ Numan àti ọmọ Ibesikpo bá ara wọn pàdé nínú All Souls' Chapel, pẹ̀lú ọmọ Ìbàdàn tí bàbá ńlá rẹ̀ kàwé ní Kúdẹtì. Bí ẹ bá fẹ́ wọ ẹgbẹ́ akọrin níbẹ̀, ohùn wo lẹ máa ń gbè ni wọ́n á kọ́kọ́ bi yín. Ìjọ tí wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún yín á dúró di ìgbà oúnjẹ.