Ẹsẹ̀ tí a Tún Ọ̀nà Ẹ̀jẹ̀ Rẹ̀ Là

Ní Òkè-Ògùn, ní ilẹ̀ ọ̀dàn tí ó lọ láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí, ẹsẹ̀ ni àgbẹ̀ fi ń jẹun. Nígbà tí àgbàlagbà kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í dúró lójú ọ̀nà oko, tí ẹran ẹ̀yìn ojúgun rẹ̀ ń ro ó, tí ìrora náà ń lọ bí ó bá sinmi, tí ó sì ń padà bí ó bá tún gbéra, àwọn ará ilé a máa ní ogbó ni, tàbí làkúrègbé. Ó lè má jẹ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì. Iṣan àlọ, èyí tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ láti ọkàn lọ sí ẹsẹ̀, lè máa dí díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá dí tán, egbò ìka ẹsẹ̀ kò ní jinná mọ́.

Kí ọdún 1946 tó dé, gígé ni ó sábà máa ń gbẹ̀yìn irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọdún náà ni João Cid dos Santos la iṣan tí ó dí ní Lisbon, tí ó ha inú rẹ̀ mọ́. Ní 1948, ní Paris, Jean Kunlin gba ibòmíràn. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà: ó yọ iṣan àbọ̀, èyí tí ń dá ẹ̀jẹ̀ padà sí ọkàn, láti ẹsẹ̀ aláìsàn fúnra rẹ̀, ó rán an mọ́ òkè àti ìsàlẹ̀ ibi tí ó dí, ẹ̀jẹ̀ sì gba ibẹ̀ kọjá. Iṣan àbọ̀ ní ìlẹ̀kùn kéékèèké tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ṣẹ́rí padà. Nítorí náà, ńṣe ni wọ́n dorí rẹ̀ kodò kí wọ́n tó rán an.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni iṣan àbọ̀ rẹ̀ dára tó. Níbí ni ọ̀rọ̀ ti kan àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn. Ní New York, ní 1947, Arthur Voorhees rí i pé awọ tín-ín-rín ti bo fọ́nrán òwú sílíkì kan nínú ọkàn ajá. Ó wòye pé aṣọ tí a bá rán ní róbótó bí ọ̀pá lè di iṣan. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde àbájáde wọn ní 1952. Ẹni tí ó bá ti rí sányán lórí òfì kò ní fi èyí rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n aṣọ kì í ṣe ara. Nínú iṣan ńlá inú ikùn, ó lè lo ọ̀pọ̀ ọdún. Bí ó bá kọjá orúnkún, ó máa ń tètè dí ju iṣan ènìyàn lọ. Charles Dotter sì ti fi ọ̀pá tín-ín-rín ṣí irú iṣan bẹ́ẹ̀ láìlo abẹ ní 1964. Ìwádìí lórí aláìsàn 1,830, tí a tẹ̀ jáde ní 2022, fi hàn pé ẹni tí ó ní iṣan àbọ̀ dáradára ń jèrè iṣẹ́ abẹ ju èyí lọ: àpapọ̀ àwọn tí ó kú, tí a gé ẹsẹ̀ wọn tàbí tí a tún iṣẹ́ ńlá ṣe fún kéré sí i.

Síbẹ̀, abẹ nìkan kọ́ ni ó ń pinnu ohun tí ọjọ́ iwájú yóò mú wá. Ọba Jọ́ọ̀jì Kẹfà, tí Nàìjíríà wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà, ní àrùn yìí lẹ́sẹ̀. Ní oṣù kẹta 1949, James Learmonth gé àwọn okùn tín-ín-rín tí ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ fún pọ̀. A kò gé ẹsẹ̀ ọba. Ṣùgbọ́n amusìgá paraku ni. Ní oṣù kẹsàn-án 1951 a yọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kan nítorí jẹjẹrẹ, ní oṣù kejì 1952 sì ni ọkàn rẹ̀ dákẹ́ lójú oorun, ní ẹni ọdún 56. Ẹsẹ̀ tí a gbà là ni a sin mọ́ ọn.

Ní 1937, ọdún tí wọ́n dé e ládé, ni ilé-iṣẹ́ sìgá bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ilẹ̀ Ìsẹ́yìn àti Àgọ́-Àrẹ sì wà lára ibi tí a ti wá ń gbin ewé tábà fún irú iṣẹ́ náà. Tábà mú owó wá fún àgbẹ̀, èyí kò ṣeé sẹ́. Òun kan náà, pẹ̀lú àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru, ni ó ń dí iṣan ẹsẹ̀. Àkójọ ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní 2005 fi hàn pé iṣan tí a rán fún ẹni tí kò fi sìgá sílẹ̀ ń bàjẹ́ ní ìlọ́po mẹ́ta. Ẹni tí ó jáwọ́ ń padà sí ipò ẹni tí kò fà á rí.

Àwọn dókítà UCH ní Ìbàdàn, tí a ṣí ní 1957, wà fún irú iṣẹ́ abẹ báyìí, ṣùgbọ́n Ṣakí jìnnà síbẹ̀. Iṣẹ́ náà kò sì parí lọ́jọ́ tí a bá tú okùn ìránpọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹnìkan ní láti máa fọwọ́ kan ìtẹ̀yìn ẹsẹ̀ náà, kí ó mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ ṣì ń lù kìkì níbẹ̀.