Láti Kékeré La Ti Ń Pẹ̀ka Ìrókò: Ìtàn Igi Tí Ọwọ́ Ènìyàn Tọ́ ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́

Òwe kan wà tí kò sí ọmọ Yorùbá tí kò gbọ́ ọ rí: láti kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a. Àwọn mìíràn a máa parí rẹ̀ pé, bó bá dàgbà tán, ẹbọ ni yóò máa gbà. Ọ̀rọ̀ ọmọ títọ́ la máa ń pa òwe yìí sí. Ṣùgbọ́n kó tó di òwe ọmọ, ọ̀rọ̀ igi ni. Ẹni tó kọ́kọ́ pa á mọ̀ pé ẹ̀ka igi ṣe é gé, pé gígé náà ní àkókò, àti pé bí igi yóò ṣe rí lọ́la, ọwọ́ ẹni tó di àdá mú lónìí ló wà.

Lóde òní, àwòrán bọ́nsáì pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì: igi kékeré nínú àwo pẹrẹsẹ, tó sì dà bí igi arúgbó. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé iṣẹ́ àwọn ará Jàpáànì nìkan ni kí ènìyàn jókòó ti igi, kó máa rẹ́ ẹ, kó máa tẹ̀ ẹ́. Èrò tiwa ni pé ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, igi tí ọwọ́ ènìyàn gbìn, tó sì tọ́, ìwé ìtàn ni. Bí a kò bá kọ́ bí a ṣe ń tọ́jú ìwé yìí, yóò ya mọ́ wa lọ́wọ́.

Ibi tí bọ́nsáì ti ṣẹ̀ wá

Ṣáínà ni iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe Jàpáànì. Lára ògiri ibojì ọmọ ọba Zhanghuai, tí wọ́n kọ́ ní 706, a rí àwòrán àwọn ìránṣẹ́ tó gbé àwo tí òkúta àti igi kéékèèké wà nínú rẹ̀. Nígbà tó dé Jàpáànì, wọ́n sọ ọ́ di iṣẹ́ ọnà tí bàbá ń fi sílẹ̀ fún ọmọ. Lẹ́yìn tí ìmìtìtì ilẹ̀ ba Tokyo jẹ́ ní 1923, àwọn oníṣẹ́ bọ́nsáì kan kó igi wọn kúrò nínú ìlú, wọ́n sì tẹ abúlé tiwọn dó ní Omiya ní 1925.

Igi kan wà nínú ìtàn yìí tó yẹ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn mọ̀. Igi páìnì ni, láti 1625 ni wọ́n sì ti ń tọ́ ọ bọ̀. Ọwọ́ ìdílé Yamaki ní Hiroshima ló wà nígbà tí bọ́ǹbù átọ́míìkì bọ́ sí ìlú náà ní 1945. Ògiri ọgbà bò ó, kò kú. Ní 1976, Jàpáànì fi igi 53 ta Amẹ́ríkà lọ́rẹ, páìnì yìí sì wà lára wọn. Nínú ọgbà tí wọ́n kó wọn sí ní Washington, wọ́n ń bomi rin ín, wọ́n ń rẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n fún ọdún 25, àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ kò mọ̀ pé Hiroshima ló ti yọ. Ìgbà tí àwọn ọmọ-ọmọ Yamaki wá wò ó ní 2001 ni ìtàn tó jáde. Ẹ jẹ́ ká fi èyí sọ́kàn: igi lè wà láàyè kí ìtàn rẹ̀ kú.

Àjàgbọn ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ìtàn ìtẹ̀dó Ògbómọ̀ṣọ́ kò ṣe é sọ láìdárúkọ igi. Ọdẹ ni Ògúnlọlá, ìdí igi àjàgbọn ló sì pa àgọ́ rẹ̀ sí. Nígbà tí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ ń yọ Ọ̀yọ́ lẹ́nu, Ògúnlọlá ló pa á, tó sì gbé orí rẹ̀ lọ fún Aláàfin. Láti inú gbígbé orí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ yìí ni a ti rí orúkọ ìlú. Àwa ọmọ ẹ̀ka Yorùbá fẹ́ràn láti tú orúkọ yìí palẹ̀ ní kíláàsì, ká máa wá fáwẹ̀lì tí a pa jẹ àti ohùn tó yí padà. Igi tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn náà kì í sábà rí ẹni bi í ní ìbéèrè.

Kí ni àjàgbọn? Igi ilẹ̀ ọ̀dàn ni, èso rẹ̀ kan, ewé rẹ̀ wẹ́wẹ́, èèpo rẹ̀ le, ó sì máa ń fàyà rán ọ̀dá. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú jù, ó lè wọ́wé, kó tún rú nígbà òjò. Irú igi báyìí ni ọdẹ ń wá: ibòji wà lábẹ́ rẹ̀, kò sì ṣòro láti júwe fún ẹni tó ń bọ̀. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé igi yìí gan-an ni àwọn tó ń ṣe bọ́nsáì ní Íńdíà àti Philippines máa ń yàn láàyò. Nítorí pé ewé rẹ̀ kéré, kékeré rẹ̀ máa ń jọ àgbà. Èèpo rẹ̀ sì tètè máa ń rí bíi ti arúgbó. Igi tó bí ìlú lọ́dọ̀ wa ni wọ́n fi ń dárà nínú àwo lọ́dọ̀ tiwọn.

Oṣè, odán àti akòko Ọ̀yọ́

Káàkiri ilẹ̀ ọ̀dàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, bí àwọn awalẹ̀pìtàn bá rí igi oṣè tó pọ̀ lójú kan, wọ́n máa ń fura pé ènìyàn ti gbé ibẹ̀ rí. Ọ̀yọ́ Ilé kò yàtọ̀. Ìlú náà tú ní àwọn ọdún 1830, Aláàfin Àtìbà sì sọ Àgọ́ Ọjà di Ọ̀yọ́ tí a mọ̀ lónìí. Ilé fọ́, òrùlé jó, ṣùgbọ́n igi àti odi ló kù tí Frank Willett àti àwọn tó tẹ̀lé e fi mọ ojú ìlú nígbà tí wọ́n lọ wádìí ibẹ̀ láti 1956. Lónìí, abẹ́ ìtọ́jú ọgbà ìpamọ́ ẹranko ìjọba àpapọ̀ tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní ìlú Ọ̀yọ́ ni ahoro náà wà.

Odán ní tirẹ̀, igi ojú àfin àti ojú ọjà ni. Kì í ṣe pé ó kàn hù síbẹ̀. Wọ́n máa ń gé ẹ̀ka rẹ̀ tó nípọn, wọ́n á rì í mọ́lẹ̀ lásìkò òjò, yóò sì ta gbòǹgbò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á máa rẹ́ àwọn ẹ̀ka ìsàlẹ̀ kí orí rẹ̀ lè tẹ́ bí agbòjò. Èyí tí wọ́n bá gé sílẹ̀, ewúrẹ́ á jẹ ẹ́. Akòko náà, ẹ̀ka rẹ̀ là ń gé gbìn, a sì mọ iṣẹ́ tí ewé rẹ̀ ń ṣe lórí ẹni tó ń joyè. Igi tí a ń já léwé fún oyè kan dé òmíràn kò lè rí bí igi inú igbó. Ọwọ́ ènìyàn á hàn lára rẹ̀.

Orúkọ àdúgbò náà jẹ́rìí: Ìdí Oṣè, Ìdí Ayùnrẹ́, Ìdí Ìrókò, Ìdí Àràbà. Ó ṣeé ṣe kí igi ti kú kí orúkọ ṣì wà.

Ọgbọ́n tó wà nínú ìgbà

Ìrókò, àràbà àti oṣè máa ń wọ́wé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kì í ṣe pé wọ́n kú; wọ́n ń sinmi ni. Lásìkò ìsinmi yìí ni iṣẹ́ bọ́nsáì dùn ún ṣe jù, nítorí pé ojú ń rí gbogbo ẹ̀ka kedere, igi kò sì ní ewé tí yóò máa fà omi. Ní Jàpáànì, ìparí òtútù ni wọ́n ń yọ irú igi bẹ́ẹ̀ kúrò nínú àwo. Lọ́dọ̀ tiwa, ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ló bá a mu, nígbà tí ọ̀mùnú ewé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wú.

Ìdí tí wọ́n fi ń yọ ọ́ ni pé gbòǹgbò ti kún inú àwo, omi kò rí ọ̀nà kọjá mọ́. Wọ́n á gbọn erùpẹ̀ àtijọ́ dànù, wọ́n á gé bí ìdá kan nínú mẹ́ta gbòǹgbò náà, wọ́n á fi erùpẹ̀ tuntun tí kì í dá omi dúró sí i, wọ́n á so igi mọ́ àwo kó má baà mì, wọ́n á sì gbé e sí ibòji fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Èyí tí wọ́n bá fẹ́ tẹ̀, wáyà ni wọ́n ń yí mọ́ ẹ̀ka rẹ̀, wọ́n á sì tú u kó tó wọ èèpo.

Kì í ṣe gbogbo igi ló gbà á bákan náà. Ewé ìrókò tóbi jù fún àwo kékeré. Odán rọrùn: ẹyẹ máa ń su èso rẹ̀ sórí ògiri àti ọ̀pẹ, èyí tó bá hù nínú ògiri tó sán sì ti di ràrá fúnra rẹ̀. Oṣè máa ń sanra nídìí, àmọ́ bí a bá ń bomi rin ín nígbà tí kò ní ewé, jíjẹrà ni yóò jẹrà.

Ohun tó kù sí wa lọ́wọ́

Ọ̀nà ń fẹ̀ sí i, ṣọ́ọ̀bù ń pọ̀ sí i, igi ojú ọjà sì ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń gé. Bí igi bá wó, kì í ṣe ibòji nìkan ló lọ. Ẹni tó gbìn ín, ọba tó wà lórí oyè nígbà náà, ẹni tó ń rẹ́ ẹ̀ka rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló bá a lọ bí ẹnikẹ́ni kò bá kọ ọ́ sílẹ̀. Samuel Johnson, tó jẹ́ pásítọ̀ ní Ọ̀yọ́ títí ó fi kú ní 1901, fi etí gba ìtàn lẹ́nu àwọn àgbà kó tó pẹ́ jù. Iṣẹ́ tí ó ṣe fún ọba àti ogun, a lè ṣe é fún igi.

Àbá méjì la ní. Èkíní, kí ẹni tó bá ń wá orí ọ̀rọ̀ fún iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ mú igi kan ní àdúgbò rẹ̀, kó bi àwọn bàbá àti ìyá tó ń jókòó lábẹ́ rẹ̀ léèrè orúkọ, oríkì àti èèwọ̀ rẹ̀. Èkejì, kí a gbin ọmọ rẹ̀. A lè rẹ kóró àjàgbọn sómi mọ́jú, ká gbìn ín sínú ìkòkò tó ní ihò nídìí, ká kọ ọjọ́ àti ibi tí a ti mú un. Igi ojúbọ tàbí ti àfin, ẹ má fọwọ́ kàn án láìgbàṣẹ.

Igi inú ìkòkò kò lè rọ́pò èyí tó wà lójú àfin. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti fi ọdún márùn-ún wo igi kékeré kan, tó mọ ìgbà tó ń wọ́wé àti ìgbà tó ń rú, kò ní lè rí àdá nídìí igi ńlá kó dákẹ́.